Oyún ni, kì í ṣe ẹyin kòkòrò: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì ní Kútò

Ìyá Ìbejì, tó ń ta sea moss, ìyẹn koríko òkun, ní ọjà Kútò níbí ní Abẹ́òkúta, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Sea moss gbígbẹ ni mo máa ń rà wá láti Èkó. Mo máa ń rẹ ẹ́, mo máa ń lọ̀ ọ́, mo sì ń tà á nínú ike. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan dá tèmi padà, ó ní ẹyin kòkòrò wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, lóòótọ́ ni, kókó kéékèèké bí irorẹ́ wà lára àwọn kan, àwọn mìíràn kò sì ní. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣà wọ́n dànù. Ẹnì kan tún wá ní èso rẹ̀ ni. Ṣé koríko yìí ní akọ àti abo ni? Báwo ló ṣe ń bímọ nínú omi, ta ló sì ń sọ fún un pé àsìkò ti tó? Mo tiẹ̀ da díẹ̀ sínú omi iyọ̀ nínú báfù kí n lè gbìn ín. Ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn."

Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣà wọ́n dànù mọ́. Kì í ṣe ẹyin kòkòrò. Oyún ni. Koríko tó ní kókó lára yẹn, abo ni, ó sì ti lóyún. Kókó kọ̀ọ̀kan, oyún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní èso ni kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú kókó yẹn kì í ṣe irúgbìn bíi ti ilá tàbí ti ẹ̀fọ́. Odidi ìran kan ló wà níbẹ̀, tó ń gbé lára ìyá rẹ̀, tó ń jẹ lára ìyá rẹ̀, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo rẹ èyí tí ẹ fi rán ọmọ sí mi sínú omi mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wú, ó ti rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí okùn tí wọ́n rì sínú òróró. Mo mú ẹ̀ka tí kókó pọ̀ sí jù, mo fi bíléèdì la kókó kan láti orí dé ìdí, mo sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù àtijọ́ kan tí mo ní nílé. Kókó náà kò ju orí píìnì lọ. Bí ẹ bá ti la èso ọ̀pọ̀tọ́ rí, ẹ ti rí ohun tí mo rí: èèpo tó nípọn yí i ká, ihò tóóró kan wà ní orí rẹ̀ ténté, inú rẹ̀ sì kún fún hóró róbótó-róbótó tí wọ́n fún mọ́ra bí èrò inú dánfó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Nígbà tí ojú ń ro mí, mo fi í sílẹ̀. Ihò orí yẹn ni ọ̀nà ìjáde wọn.

Gracilaria ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí tí ẹ ń tà. Ó wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní sea moss lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí àwọn ará Ireland ń jẹ láyé àtijọ́, tó ni orúkọ náà gan-an, Chondrus crispus ni. Inú òkun tútù ló ń gbé, ó sì pẹlẹbẹ bí abẹ̀bẹ̀, kò rí gọ́gọ́rọ́ bí okùn. Méjèèjì jẹ́ ẹbí kan náà, ẹbí koríko òkun pupa, tí irú rẹ̀ lé ní 7,000 láyé. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ ìyeyè tí tiyín ní dà yín láàmú. Oòrùn ló bó o. Nígbà tó wà láàyè, ó pupa rúsúrúsú.

Nísinsìnyí, akọ àti abo. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní akọ, ó ní abo. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí gbogbo ẹbí yìí bá wáyé, ohun gbogbo tí mo máa sọ lẹ́yìn èyí sì ti inú ìṣòro náà wá: àtọ̀ wọn kò lè wẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Àtọ̀ ènìyàn nírù. Ti ẹja nírù. Koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ àti púpọ̀ nínú aláwọ̀ ewé, àtọ̀ wọn ní ìrù tí wọ́n fi ń wẹ̀ tọ ẹyin lọ. Nínú gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú koríko pupa tó wà, kò sí ẹyọ kan tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nírù, ì báà ṣe akọ, ì báà ṣe abo, ì báà ṣe ọmọ. Akọ kàn ń tú àtọ̀ róbótó sínú omi ni, kí ìgbì gbé e síbi tó bá wù ú. Wọ́n kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè jókòó sórí píìnì kan ṣoṣo, wákàtí díẹ̀ ni agbára wọn sì máa ń tó. Bí ẹ bá dúró lórí afárá Lafenwa nígbà tí odò Ògùn kún, tí ẹ da àtíkè agolo kan sómi, tí ẹ wá ń retí kí ẹyọ kan nínú rẹ̀ kan irun orí ẹnì kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìsàlẹ̀ odò, ẹ ti mọ irú ìgbéyàwó tí koríko yìí ń ṣe.

Irun tí mo wí yẹn, mi ò fi ṣàpèjúwe lásán. Abo kì í tú ẹyin rẹ̀ sómi. Ara rẹ̀ ló fi í pamọ́ sí, ó wá na irun tín-ín-rín kan jáde láti orí ẹyin náà sínú omi, bí ìgbà tí apẹja bá ju okùn ìwọ̀ sódò tó ń dúró. Àtọ̀ tó bá kan irun náà á lẹ̀ mọ́ ọn, torí ohun yíyọ̀ bí ewédú wà lára àtọ̀ náà. Kì í sì í ṣe gbogbo àtọ̀ tó bá ń kọjá ló lè lẹ̀ mọ́ ọn títí. Ṣúgà kan wà lára èkínní tí ara èkejì fi ń dá a mọ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ Ẹ̀gbá láàárín èrò. Tí wọ́n bá ti mọ ara wọn, ohun àjogúnbá tí àtọ̀ gbé dání á wọ inú irun náà, á gba inú rẹ̀ lọ, ó di ọ̀dọ̀ ẹyin nísàlẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n kọ́ wa, tí èmi náà sì kọ́ ọmọlọ́mọ, ni pé omi nìkan ló ń ṣe alárinà. Ní 2022, àwọn onímọ̀ kan ní Roscoff, ní etí òkun ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé alárinà mìíràn wà. Kòkòrò omi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Idotea balthica máa ń sá pamọ́ sáàárín Gracilaria, ó sì máa ń jẹ èérí tó bá hù sára rẹ̀. Bó ṣe ń rìn lára akọ, àtọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Bó bá kọjá sára abo, ó ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọn kò rán an. Nínú omi tí wọ́n fi kòkòrò náà sí, oyún tó dúró fi nǹkan bí ìlọ́po 20 ju ti inú omi tí kò sí i lọ. Ohun tí a mọ oyin àti labalábá mọ́ lórí ilẹ̀ nìyí, òkun náà ní tirẹ̀. Oníbàárà yín tó ń sá fún kòkòrò kò mọ̀ pé kòkòrò ló bá wọn so yìgì.

Ìdúró omi náà ṣe pàtàkì. Ní àwọn etí òkun olókùúta bíi ti Faransé yẹn, òkun máa ń fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á fi omi díẹ̀ sílẹ̀ sínú kòtò àárín àpáta. Àsìkò tí omi inú kòtò dákẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ oyún Gracilaria ń dúró, nígbà tí ìgbì kò sí láti gbá àtọ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ fi alárinà sí i, ẹ fi omi dídákẹ́ sí i, ó ṣòro ni. Ìpàdé àtọ̀ àti ẹyin ṣọ̀wọ́n. Kí wá ni kéèyàn fi oyún tó ṣọ̀wọ́n ṣe? Koríko pupa sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọ̀rọ̀ yìí á yé yín ju ẹlòmíràn lọ. Ìbejì ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ wọn ló ti inú ẹyin méjì wá, ìyẹn ni ọ̀kan ṣe lè jẹ́ ọkùnrin kí èkejì jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì kan wà tó jẹ́ pé ẹyin kan, àtọ̀ kan ló pín sí méjì, tí ìyá wọn pàápàá máa ń ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Irú èyí ni ti koríko pupa, àmọ́ kò dúró lórí méjì. Ẹyin tí àtọ̀ bá ti bá kì í jáde. Ibi tó wà lára ìyá rẹ̀ náà ló ti ń pín, tó ń pín, tó ń yọ ẹ̀ka kéékèèké, tí orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń di hóró. Ìyá á sì kọ́ ògiri yí i ká. Ògiri yẹn ni ẹ̀ ń fi ọwọ́ kàn tí ẹ ń pè ní irorẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró ló ń ti inú kókó kan jáde, gbogbo wọn sì jọra pátápátá, torí ìpàdé kan ṣoṣo ló bí wọn. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìpàdé kan, ẹyin wọn á na okùn lọ sí ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì mìíràn lára ìyá, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà ogún tó gbà, ìyẹn ohun àjogúnbá yẹn, gbogbo wọn á wá máa so oyún lẹ́ẹ̀kan náà. Dudresnaya ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an: bí aláta ṣe ń tú ọmọ ata láti orí ebè kan lọ sí ebè mẹ́wàá.

Ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti máa ń sọnù nìyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Hóró tó bá gba ihò yẹn jáde kì í dàgbà di akọ, kì í di abo. Á wọ́ lọ sínú omi, á lẹ̀ mọ́ òkúta, á hù, á dàgbà, á sì jọ ìyá rẹ̀ débi pé ẹ ò lè fi ojú lásán yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní ìdì ogún kan ṣoṣo nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, bàbá rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Òun ní méjì, ti bàbá àti ti ìyá. Ẹnì kẹta nínú ilé ni. Kì í lóyún, kò sì ní àtọ̀. Nígbà tí àsìkò bá tó, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lábẹ́ awọ rẹ̀ á wú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì pín sí mẹ́rin. Mo wá irú rẹ̀ nínú ọ̀rá yín, mo sì rí i lára ẹ̀ka tí kò ní kókó kankan: àmì róbótó kéékèèké, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlà àgbélébùú láàárín.

Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Obì àbàtà ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé obì tó pé, awẹ́ mẹ́rin ló ní, akọ méjì, abo méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti koríko yìí. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá ń pín sí mẹ́rin, ìdì ogún méjì tó ní á tún pín padà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń pinnu akọ tàbí abo á sì bọ́ sí ìhà méjì-méjì. Awẹ́ méjì á hù di akọ, awẹ́ méjì á hù di abo. Omi kọ́ ló ń pinnu èyí, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kọ́. Inú ogún ló ti wá. Àwọn akọ àti abo wọ̀nyẹn ló máa tún na irun, tú àtọ̀, ọ̀rọ̀ á wá padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, nínú ọ̀rá sea moss kan, oríṣi mẹ́rin lẹ lè rí: abo olóyún, abo tí kò tíì lóyún, akọ, àti ẹnì kẹta. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ní kókó. Ìdí tí àwọn kan fi ní, tí àwọn mìíràn kò ní, kò ju ìyẹn lọ.

Àṣà yìí sì ti pẹ́. Ní apá àríwá Canada, wọ́n rí koríko pupa kan nínú àpáta, ó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún kan, ara rẹ̀ sì ti fi hàn pé ó ní oríṣi hóró tó yàtọ̀ síra bíi ti akọ àti abo. Bangiomorpha ni wọ́n sọ ọ́. Ó wà lára àwọn ohun tó pẹ́ jù tí a mọ̀ pé ó ń gbé ara wọn níyàwó láyé.

Ìbéèrè yín kejì ló dùn mọ́ mi jù: ta ló ń sọ fún un pé àsìkò ti tó?

Ìtàn obìnrin kan ni màá fi dáhùn. Ní Japan, wọ́n ní koríko òkun pupa kan tó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, wọ́n ń pè é ní nori, òun ni wọ́n fi ń wé ìrẹsì. Láyé àtijọ́, ìgbà òtútù ni nori máa ń hù lára ọ̀pá tí wọ́n rì sí etí òkun. Bí ooru bá dé, á pòórá. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń gbà padà wá. Ọdún kan á so bí ọ̀wàrà òjò, ọdún kejì kò ní sí nǹkan kan, àwọn àgbẹ̀ á jẹ gbèsè. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó burú débi pé ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kathleen Drew-Baker, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe ìwádìí nípa ìbátan nori tó wà ní òkun tiwọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Manchester nígbà tó lọ́kọ, torí ilé-ìwé gíga náà kì í gba abilékọ síṣẹ́ olùkọ́ nígbà yẹn. Ó ń bá ìwádìí lọ bẹ́ẹ̀ náà. Ó gbin hóró rẹ̀, ó sì rí i pé hóró náà ń wọnú ìkarahun lọ, ó ń di okùn pupa tín-ín-rín tó ń gbé inú ìkarahun ọ̀hún bí ìdin inú igi. Àwọn onímọ̀ ti mọ okùn yẹn tipẹ́, wọ́n tilẹ̀ ti fún un lórúkọ ọ̀tọ̀, Conchocelis, wọ́n rò pé koríko mìíràn ni. Nori ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀! Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1949. Àwọn ará Japan mú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin Conchocelis sínú ìkarahun nínú ọpọ́n ńlá, kí wọ́n tó fi àwọ̀n gba hóró rẹ̀ tó bá jáde. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ oríire ti kúrò nínú iṣẹ́ nori. Wọ́n mọ òkúta ìrántí fún un ní ìlú Uto ní 1963, wọ́n sì ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin lọ́dọọdún. Obìnrin náà kò dé Japan rí títí tó fi kú ní 1957.

Kí ló ń sọ fún Conchocelis pé kó jáde nínú ìkarahun? Òkùnkùn ni. Nígbà tí òru bá ń gùn sí i, tí omi sì ń tutù, á bẹ̀rẹ̀ sí í so hóró tí yóò di nori. Gígùn òru ló ń wọ̀n, bí àlùfáà ṣe ń ṣọ́ òṣù kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì tàn án jẹ wò. Wọ́n fi í sínú òru gígùn, wọ́n wá tan iná sí i fún ìgbà díẹ̀ láàárín òru. Kò so. Ó ka òru kan náà sí òru kéékèèké méjì, ó ní àsìkò kò tíì tó.

Òkùnkùn nìkan kì í tó fún àwọn mìíràn. Bonnemaisonia hamifera, tó ti òkun Japan ṣí lọ sí Yúróòpù, ẹnì kẹta inú ilé rẹ̀ kò ní so àwọn hóró mẹ́rin-mẹ́rin yẹn àfi kí ọjọ́ kúrú, kí omi sì wà ní nǹkan bíi 15°C. Ní Yúróòpù, ọjọ́ ti máa ń gùn jù nígbà tí omi gbóná tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọjọ́ bá sì kúrú, omi ti ń tutù lọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni méjèèjì ń pàdé. Bí bàbá ìyàwó gbà tí ìyá ìyàwó kò gbà, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí. Ní ibi tí wọn kò bá ti pàdé rárá, kì í so. Kíké ló ń ké, tí ègé á máa hù kiri.

Oúnjẹ náà ní ọ̀rọ̀ í sọ. Àgbẹ̀ tó bá da ajílẹ̀ ju bó ṣe yẹ sídìí ẹ̀wà á kórè ewé. Nínú àwọn koríko pupa mélòó kan, Bonnemaisonia yìí náà wà níbẹ̀, bí oúnjẹ inú omi bá dín kù ni wọ́n máa ń rántí ọmọ. Nínú ara koríko pupa lọ́hùn-ún, ohun kan lè wà tó ń gbé iṣẹ́ kiri. Ẹ mọ afẹ́fẹ́ tó máa ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n nígbà tí a bá bò ó mọ́lẹ̀? Ethylene ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ ní erékùṣù Gran Canaria fẹ́ ẹ sí koríko pupa kan, Pterocladiella, hóró mẹ́rin-mẹ́rin rẹ̀ sì yára gbó. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, pé ohun tó ń pọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà Ìtòkú ló ń pọ́n ọmọ nínú òkun.

Ní etí òkun tiwa ńkọ́? Ní Roscoff yẹn, ọjọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ gùn ju ti ìgbà òtútù lọ. Níhìn-ín, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún kò tó wákàtí kan. Òru wa kò ní ìròyìn púpọ̀. Omi ló ní i. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù tó lọ́ràá máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun ru sókè ní etí òkun Côte d'Ivoire àti Ghana. Àwọn apẹja mọ̀ ọ́n, torí ìgbà náà ni ẹja ń pọ̀. Ní ọ̀sà Èkó, òjò ló ń yí nǹkan padà. Omi tó ń kọjá lábẹ́ afárá Lafenwa yìí, ọ̀sà yẹn ló ń lọ, tí odò bá sì ti kún, iyọ̀ inú ọ̀sà á já wálẹ̀ púpọ̀. Àwọn koríko pupa kéékèèké bíi Bostrychia, tó ń gbé lára gbòǹgbò igi inú ẹrẹ̀ etí omi, ti mọ́ra pẹ̀lú irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Gracilaria náà ń fara dà á dé ìwọ̀n kan, àmọ́ omi tí kò níyọ̀ rárá á pa á.

Ọ̀rọ̀ báfù yín dé nìyẹn. Ìyá Ìbejì, òkú lẹ gbìn. Sea moss tí wọ́n ti sá sóòrùn títí tó fi gbẹ kanrin, tó gun ọkọ̀ ojú omi, tó gun ọkọ̀ dé Kútò, kò sí ẹ̀mí lára rẹ̀ mọ́, kò sì sí lára hóró inú kókó rẹ̀. Ó wú nínú omi bí kànrìnkàn ṣe ń wú ni. Iyọ̀ ọbẹ̀ náà kì í ṣe iyọ̀ òkun. Nǹkan bíi gíráàmù 35 ni iyọ̀ inú lítà omi òkun kan, ohun púpọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ rí èyí tó yè, ẹ nílò omi òkun gidi tó ń rìn, ẹ ó sì máa fi ọkọ̀ gbé e wá láti Èkó lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Owó tí ẹ máa ná á ju ti ọjà yín lọ.

Ẹ̀gbẹ́ òkun ni wọ́n ti ń gbìn ín, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí a ṣe ń gbin pákí ni. Wọ́n á ké ẹ̀ka, wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á na okùn sínú omi. Kò sí akọ, kò sí abo, kò sí alárinà. Àwọn obìnrin Zanzibar ń fi ọ̀nà yìí gbin Kappaphycus àti Eucheuma, koríko pupa méjì mìíràn, àwọn ará Philippines àti Indonesia náà bẹ́ẹ̀. Ní Chile, ẹ̀ka náà ni wọ́n ń ké láti fi gbin Gracilaria, nígbà tí wọ́n sì yẹ oko wọn wò, ẹnì kẹta inú ilé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kò mọ̀. Èyí tó ń dàgbà dáadáa ni wọ́n ń ké tún gbìn, akọ àti abo sì ń dín kù lọ.

Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn. Pákí tí a bá ń ké igi rẹ̀ gbìn láti ọdún dé ọdún, àìsàn tó bá bá ọ̀kan lè bá gbogbo oko, torí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá pákí tuntun ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, fi máa ń padà sídìí òdòdó àti irúgbìn rẹ̀. Kappaphycus ti ń rí tirẹ̀: àìsàn kan wà tí ẹ̀ka á funfun bí omi dídì, á sì já. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí pẹ́ gbọ́dọ̀ padà sídìí kókó tí ẹ̀ ń ṣà dànù yẹn.

Ohun kan tún kù tó kan ọjà yín. Bí ẹ bá rí Chondrus gidi rà lọ́jọ́ kan, ẹ ṣọ́ra. Akọ àti abo rẹ̀ ní irú gọ́ọ̀mù tó ń dì bí ẹ̀kọ. Ẹnì kẹta ní irú mìíràn tí kì í dì, tó kàn ń fà bí ewédú. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ alágbàtà ni wọ́n ti bú pé ó fi omi là á, kò ṣe nǹkan kan. Ti Gracilaria kò rí bẹ́ẹ̀. Agar, gọ́ọ̀mù mìíràn tó ń dì, ló wà nínú rẹ̀, kí ẹ ṣáà sè é kó hó dáadáa, nígbà tó bá tutù á dì.

Nípa àwọn tó ń sọ pé sea moss ń ṣí inú àgàn, ẹ má kọ ọ́ sára ike yín. Koríko tí òun fúnra rẹ̀ ń fi gbogbo ayé wá oyún! Áyódìn inú rẹ̀ sì lè pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó bá ní gẹ̀gẹ̀ kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ kó tó mu ún.

Oníbàárà tó dá ọjà padà yẹn, ẹ pè é. Ẹ rẹ ẹ̀ka olókókó kan, ẹ la kókó kan lójú rẹ̀ kó rí i pé kò sí ìdin níbẹ̀. Kò sóhun tó ṣe é, ó ṣeé jẹ. Ẹ bá mi ṣe ìkan náà: nínú ọ̀rá tó ń bọ̀, ẹ yọ àwọn tí ara wọn dán sọ́tọ̀ fún mi, bíi ogún. Mo ti rí abo olóyún, mo ti rí ẹnì kẹta. Akọ ni mi ò tíì rí nínú tiyín.